Ẹ wo bírò adájọ́ kí ẹ tó ní ó ń sùn lórí ẹjọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Léraléra ni àwọn òǹkàwé yín ń kọ̀wé pé àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ń sùn lórí ẹjọ́. Ẹjọ́ owó ìlú á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ náà á wọ yunifásítì, ẹjọ́ ò ní tíì parí. Inú tó ń bí wọn tọ́, ó sì ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n orí ẹni tí wọ́n ń di ẹ̀bi rù yẹn kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wà. Bí èèyàn bá tẹ̀ lé adájọ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n yàn án títí di ọjọ́ tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, á rí ibi tí ẹjọ́ ti ń há.

Ilé ẹjọ́ yìí yàtọ̀ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀. Òfin ológun nọ́ńbà 13 ti ọdún 1973 ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì torí ẹ̀ gbé e kalẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 ló sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Nínú òfin 1999, abala 251 to ẹjọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: owó-orí ìjọba àpapọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ báńkì àti ti ilé iṣẹ́ tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́-ọpọlọ, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfuurufú, epo rọ̀bì àti ohun mìíràn tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, oògùn olóró, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba, àti ìpinnu tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ṣe tó dun aráàlú. Ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín ẹbí méjì ò débẹ̀. Ẹni tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá lé lẹ́nu iṣẹ́ náà ò tún lọ síbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà àtúnṣe òfin ti 2010, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ni ìyẹn. Ní ti ìjà oníbàárà àti báńkì rẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀: ó lè lọ sí ti ìpínlẹ̀, ó lè lọ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé gba ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ lè dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kí wọ́n tó sọ pé kò tiẹ̀ yẹ kó wọlé níbi tó ti wọlé. Gbogbo ohun tí adájọ́ ti kọ á di òfo, owó lọ́yà á bá a lọ.

Kí wọ́n tó fi èèyàn jẹ adájọ́ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti di lọ́yà, ó kéré tán. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìjọba àpapọ̀ á kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò, á fi ránṣẹ́ sí NJC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn adájọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS á wádìí ìwà àti ìṣe ẹni náà. NJC á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n á wo ẹjọ́ tó ti dúró fún tàbí ìdájọ́ tó ti kọ bó bá jẹ́ májísíréètì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá orúkọ fún ààrẹ. Ààrẹ ló ń yàn án. Adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ náà nìkan ni àwọn aṣòfin àgbà ń fọwọ́ sí. Kó tó dá ẹjọ́ kan ṣoṣo, ó gbọ́dọ̀ kéde dúkìá rẹ̀, kó sì búra. Wọ́n á tún mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adájọ́, NJI, l'Ábùjá, kí wọ́n lè kọ́ ọ bí a ṣe ń darí kóòtù àti bí a ṣe ń kọ ìdájọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ìgbésí ayé rẹ̀ yí padà. Kò gbọdọ̀ sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Òfin ò gbà kó ṣòwò kankan mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Kò gbọdọ̀ gbàlejò ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, nítorí agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Bí lọ́yà tó ń dúró fún ẹnì kan bá sì jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí aya rẹ̀, adájọ́ ló yẹ kó yẹra fún ẹjọ́ náà. Ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni òfin ka gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ sí káàkiri Nàìjíríà, nítorí náà adájọ́ tó wà l'Óṣogbo lónìí lè gba lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì adájọ́ àgbà l'Ábùjá, kó sì di ará Màídúgùri. Owó oṣù tí òfin 2008 kọ sílẹ̀ fún wọn kò yí padà títí di ọdún 2024, tí wọ́n fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ kún un. Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn, tí owó gàárì ò dúró dè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú kóòtù. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń jókòó. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ti to ẹjọ́ ọjọ́ náà: èyí tí wọ́n kàn fẹ́ dárúkọ, èyí tí lọ́yà fẹ́ tọrọ nǹkan, èyí tí ẹlẹ́rìí fẹ́ sọ̀rọ̀. Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń jókòó, òfin ò sọ pé kí wọ́n jẹ́ méjì. Òun ló ń gbọ́, òun ló ń bi ẹlẹ́rìí léèrè bí ọ̀rọ̀ ò bá yé e, òun ló ń parí ìjà àwọn lọ́yà. Ohun tí aráàlú ò mọ̀ ni pé òun náà ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Lọ́yà á bi òṣìṣẹ́ báńkì pé èló ló wọ àkáǹtì lọ́jọ́ náà. Ẹlẹ́rìí á dá a lóhùn. Lọ́yà ò ní béèrè ìbéèrè kejì. Ojú rẹ̀ wà lára bírò adájọ́. Bí bírò bá ṣì ń rìn, ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìgbà tó bá dúró, tí adájọ́ gbé orí sókè, ni ìbéèrè tó kàn tó lè jáde. Lọ́yà kékeré tó bá ń sáré, adájọ́ á sọ fún un pé, "Ẹ máa wo bírò mi." Ẹ̀rí tí ẹnu lè sọ tán ní ìdajì wákàtí lè gba odindi òwúrọ̀ kan. Bí lọ́yà bá mú ìwé báńkì wá, wọ́n á fi han lọ́yà kejì, ìyẹn á ní kí kóòtù má gbà á: inú kọ̀ǹpútà ló ti jáde, ìwé tí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kó máa bá a rìn ò sí níbẹ̀. Adájọ́ á kọ ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì, á sọ ìpinnu rẹ̀, á kọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé á tó fi nọ́ńbà lé ìwé ọ̀hún. Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn nínú ìwé tó lè pọ̀ bí òkè.

Tí ẹlẹ́rìí bá ń sọ Yorùbá, iṣẹ́ tún di ìlọ́po méjì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ògbufọ̀ á gbọ́, á túmọ̀, adájọ́ á kọ. Bí ẹlẹ́rìí bá ní, "Ó fún mi lówó ọjà," tí ògbufọ̀ sọ pé owó ni ó fún un, owó lásán ni bírò máa kọ. "Ọjà" ti jábọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ẹjọ́ tí wọ́n ti ń wádìí bóyá rìbá ni owó náà tàbí owó òwò, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo ẹjọ́. Adájọ́ tó gbọ́ Yorùbá lè fi etí ara rẹ̀ gbá a mú kó sì ní kí ògbufọ̀ tún un sọ. Èyí tí kò gbọ́ ọ, ohun tí wọ́n bá fún un ló máa kọ, àwọn tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà ní kòtẹ́milọ́rùn ò sì ní rí ju ohun tó kọ lọ.

Iṣẹ́ ò parí nígbà tí kóòtù bá túká. Àwọn ohun tí àwọn lọ́yà tọrọ lówùúrọ̀ ń dúró de ìpinnu, fáìlì ọ̀la ń dúró de kíkà. Bí ẹ̀rí bá parí tí àwọn lọ́yà sì ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn, abala 294 òfin ilẹ̀ wa fún adájọ́ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré láti dá ẹjọ́ náà, kó sì fún wọn ní ìwé ìdájọ́ tó ti fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sí NJC: ẹjọ́ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, mélòó ló parí, mélòó ló ti ré kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìwé ìkìlọ̀ lè tìdí rẹ̀ yọ, ìyà tó ju ìkìlọ̀ lọ pàápàá lè tìdí rẹ̀ yọ. Nítorí náà, irọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè.

Àwọn ẹjọ́ kan sì wà tó máa ń fò kọjá lórí àwọn yòókù. Ní kóòtù tó wà ní Ìkòyí l'Ékòó, lọ́yà lè sáré wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ gbèsè fẹ́ fi Àpápá sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá ti ré kọjá òkun, owó ti lọ nìyẹn. Adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kó ka ìwé ìbúra, kó wò ó bóyá gbèsè náà jẹ́ irú èyí tí òfin ọkọ̀ ojú omi ti 1991 gbà, kó sì rí i pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ti ṣèlérí pé òun á san owó ìpalára bó bá jẹ́ pé irọ́ lòun pa. Bó bá fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ kóòtù á gbé ìwé náà lọ sí èbúté, á gun ọkọ̀ náà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò títí ẹni tó ni ín á fi mú ìwé tí báńkì fi dúró fún gbèsè náà wá. Ìnáwó ọkọ̀ tó dúró lásán pọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹni tó ni ọkọ̀ náà á sáré wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé kí wọ́n tú ọkọ̀ òun sílẹ̀. Ẹjọ́ tó yẹ kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn á sún síwájú. Bákan náà ló rí nígbà ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Òfin ìdìbò ti 2022 darí olùdíje tí inú ń bí sí ilé ẹjọ́ yìí, òfin ilẹ̀ wa sì ní ẹjọ́ tó ṣáájú ìdìbò gbọ́dọ̀ parí láàárín 180 ọjọ́. Ẹjọ́ tí òfin dá gbèdéke fún ló ń gba iwájú, ti ẹni tó ti wà ní àtìmọ́lé láti ọdún méjì á máa wò ó lẹ́yìn.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí wọ́n ń pè ní ACJA, gbìyànjú láti wo àrùn yìí sàn. Abala 396 ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn lójoojúmọ́, bí ìyẹn ò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín má sì ju mẹ́rìnlá lọ. Òfin dáadáa ni. Àmọ́ ọwọ́ kan náà, bírò kan náà ni wọ́n ní kó ṣe é.

Èyí tó burú jù ló wà níwájú yìí, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé. Bí adájọ́ bá wà láàárín ẹjọ́ tí wọ́n gbé e ga lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, tàbí tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, tàbí tó fẹ̀yìn tì, tàbí tó kú, ẹjọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún ka ẹ̀sùn sí olùjẹ́jọ́ létí, á tún sọ pé òun ò jẹ̀bi, ẹlẹ́rìí kìíní á tún padà wá. Iyán á di àtúngún, ọbẹ̀ á di àtúnsè. Kò sí ìkà níbẹ̀: ẹni tó rí ojú ẹlẹ́rìí, tó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe gbọ̀n nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ló lè sọ bóyá òótọ́ ló ń sọ, bírò kì í sì í kọ ojú tàbí ohùn. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn, ẹlẹ́rìí kan ti kú, ọ̀kan ti lọ sí Kánádà, ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ ti fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ báńkì ò rántí mọ́. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ á fi ohun tí ẹlẹ́rìí sọ lákọ̀ọ́kọ́ wé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, á sì fa ìyàtọ̀ kékeré jáde.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Láti ọdún 1979, nínú ẹjọ́ Ogbunyiya àti Okudo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ìdájọ́ tí adájọ́ kà lẹ́yìn tó ti di ará kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe ìdájọ́. ACJA fẹ́ tú okùn yìí: abala 396, ẹsẹ̀ keje, ní adájọ́ tí wọ́n gbé ga lè padà wá parí ẹjọ́ ọ̀daràn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí èyí ni Adájọ́ Mohammed Idris, tó ti lọ sí kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 2018, fi padà sí Èkó wá parí ẹjọ́ gómìnà Abia tẹ́lẹ̀, Orji Uzor Kalu, àti ti Ude Jones Udeogu, tó jẹ́ ọ̀gá ètò owó nílé ìjọba Abia nígbà náà. Ọdún 2007 ni ìjọba ti kọ́kọ́ gbé Kalu lọ sí kóòtù. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2019 ni adájọ́ sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 2020 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé gbogbo rẹ̀: wọ́n ní ẹsẹ̀ keje yẹn ta ko òfin ilẹ̀ wa, nítorí ẹni tó ti búra fún ipò tuntun kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga mọ́. Wọ́n ní kí ẹjọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó jàre, kò sí ẹni tó jẹ̀bi, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá.

Nílé wa níbí náà, ẹjọ́ gómìnà Èkìtì tẹ́lẹ̀, Ayọ̀délé Fáyóṣe, bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2018 níwájú adájọ́ kan l'Ékòó. Nígbà tó di oṣù Keje 2019, ó ti wà lọ́wọ́ adájọ́ mìíràn, wọ́n sì tún ẹ̀sùn náà kà sí i létí. Oṣù Keje 2025 ni adájọ́ kejì tó sọ pé kò sí ẹ̀sùn tó yẹ kí ó wá wí tẹnu rẹ̀ lé lórí. Mi ò sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́ náà. Ọdún tó gbà ni mò ń kà.

Bí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe sọ ọ́ yẹn tọ́ lábẹ́ òfin, mi ò bá wọn jà. Ibi tí mo ti ń bínú ni pé ọjọ́ tí adájọ́ máa kúrò kì í ṣe àdììtú. Gbogbo ayé ló mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àtúnṣe òfin ti oṣù Kẹfà 2023 sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì di àádọ́rin ọdún fún gbogbo wọn. Adájọ́ tó bá ti pé mọ́kàndínláàádọ́rin, kí ló dé tí wọ́n tún ń pín ẹjọ́ ọ̀daràn ẹlẹ́rìí ogún fún un? Ẹ máa fún un ní ẹjọ́ tí ìwé nìkan tó láti parí. Ìgbéga sí kòtẹ́milọ́rùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjijì: NJC ló ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, oṣù díẹ̀ sì máa ń wà láàárín ìgbà yẹn àti ìgbà ìbúra. Bí orúkọ bá ti jáde, kí adájọ́ àgbà má pín ẹjọ́ tuntun fún un mọ́, kó parí èyí tí ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kó tó lọ búra. Òfin kankan ò ní kí wọ́n sáré búra fún un. Ti gbígbé adájọ́ láti ìlú dé ìlú tiẹ̀ rọrùn jù. Ilé ẹjọ́ kan náà ni, ó lè padà wá parí ẹjọ́ rẹ̀ bí adájọ́ àgbà bá fún un láṣẹ. Àwọn kan ń ṣe é, ó yẹ kó di dandan fún gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Kí ohùn ẹlẹ́rìí wọ inú ẹ̀rọ, kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, kí àwọn lọ́yà méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ti dán an wò láwọn kóòtù kan. Ohun tó ń pa á ni pé iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù, akọ̀wé tó mọ̀ ọ́n lò ni wọ́n gbé lọ sí ọ́fíìsì mìíràn. Ẹ̀rọ tó bá máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀, kí ẹni méjì mọ̀ ọ́n lò ní kóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ohùn náà sì wà ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn Yorùbá á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, "owó ọjà" ò sì ní sọnù.

Adájọ́ tó bá lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí àga ń gba owó oṣù ìkẹyìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Abala 292 òfin ilẹ̀ wa sì ní kò gbọdọ̀ dúró bíi lọ́yà níwájú kóòtù kankan ní Nàìjíríà mọ́ láé. Àwọn ìwé tó fi ọwọ́ kọ ń bẹ nílé ìkó-ìwé-pamọ́ kóòtù, lẹ́nu ẹjọ́ tí kò parí. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kó bi lọ́yà rẹ̀ lónìí pé: adájọ́ wa, ọjọ́ wo ni yóò pé àádọ́rin ọdún? Ẹlẹ́rìí mélòó ló kù fún wa? Bí ọjọ́ ò bá ní tó, kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí adájọ́ àgbà nísinsìnyí, kí ẹjọ́ náà tó dé àárín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.